Bí Oníṣòwò Tó Ń Rìnrìn-àjò Léraléra Ṣe Lè Fún Ilé Ní Ọjọ́ Tirẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé láti Èkó, okùn ẹrù òwú ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọbìnrin mi kékeré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó kúnlẹ̀ bí a ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kàkà kó sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, Màámi," ohun tó bi mí ni pé, "Ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ?" N kò rí èsì kankan fún un, nítorí pé èmi gan-an kò mọ̀. Bí òwú bá tán lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, n ó lọ. Bí oníbàárà kan ní Ìbàdàn bá pè pé òun ń wá aṣọ ẹbí ní kíákíá, n ó lọ. Ọjà ló ń pín ọjọ́ mi, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ilé ń gbà.

Iṣẹ́ aṣọ òfì ni mò ń ṣe ní Ìlọrin. Mo máa ń ra òwú ní Èkó, nígbà mìíràn ní Kánò, n ó pín in fún àwọn ahunṣọ, bí wọ́n bá sì hun ún tán, n ó gbé aṣọ náà lọ bá àwọn tó ń rà á. Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ́ olùkọ́, ọmọ mẹ́ta ni a bí, ìyá ọkọ mi sì ń gbé pẹ̀lú wa nínú agbo ilé. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mo wí yìí ni mo ti ń wá ọ̀nà tí òwò kò fi ní run ilé, tí ilé kò sì fi ní pa òwò. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ará ilé lè fara da àìsí ẹni nílé ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í lè fara da àìmọ ọjọ́ tí ẹni yóò lọ àti ọjọ́ tí yóò dé. Àwọn àgbà sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó wà nílé náà sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò máa wo ọ̀nà. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ọjọ́ ọjà pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀

Ohun tó ń da ètò ọ̀pọ̀ nínú wa rú ni pé oríṣi ìkà ọjọ́ méjì ni à ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwé, ọ́fíìsì, ilé kéwú òpin ọ̀sẹ̀ àti ìrun Jímọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà ìbílẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú ọjà àwọn ìlú kéékèèké jẹ́ ọjà ọrọọrún, èyí tó túmọ̀ sí pé bí a bá ka ọjọ́ òní mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń kà á, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà yóò tún ná, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 4. Àwọn kan jẹ́ ọjà ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn mìíràn sì jẹ́ ìtàdógún, tí àárín ọjà kan sí èkejì jẹ́ ọjọ́ 16.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà ọrọọrún dáadáa. Bí ó bá ná ní ọjọ́ Ajé, yóò tún ná ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn náà ní Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 gbáko ni ó fi ń yí po, ìgbà méje ni ọjà ń ná láàárín rẹ̀, ó sì ń kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjà ìtàdógún máa ń fi ọjọ́ méjì tẹ̀ síwájú nínú ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ná: Ajé, Ọjọ́rú, Jímọ̀, Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí di ọjọ́ 112 kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá jókòó ka èyí sílẹ̀ yóò máa rò pé àyànmọ́ ni ó ń jẹ́ kí ọjà máa bọ́ sí ọjọ́ wálímọ̀ ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ ó ti lè rí i láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ ra kàlẹ́ńdà ńlá tí a ń fi kọ́ ara ògiri, kí ẹ fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ ọjà po fún ọjọ́ 28 tó ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ra iṣu àti gàrí káàkiri àwọn ìlú Ìgbómìnà, ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó rí i pé nínú ọjà méje, ti Jímọ̀ kan àti ti Àìkú kan péré ló ń ta ko ilé rẹ̀, ó fi ọjà méjèèjì yẹn lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì di márààrún tó kù mú ṣinṣin. Kò sí oníbàárà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ tó ń tà fún un ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tí wọn yóò bá pàdé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ná Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà ní Èkó, tàbí Gbági ní Ìbàdàn, yàtọ̀. Àwọn ọjà wọ̀nyí kì í dúró de ìkà ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ lè yan ọjọ́, kí ẹ sì yàn án tipátipá. Èmi yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì àti ìkẹrin nínú oṣù fún Èkó. Bí oníbàárà bá pè ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń sọ fún un pé Ìṣẹ́gun ni n ó wá. Ẹ̀rù bà mí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn yóò sá lọ. Àwọn méjì lọ lóòótọ́, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan tiwọn sí ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ mí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọjọ́ ilé sílẹ̀ kí ẹ tó fèsì fún ọjà

Lẹ́yìn bírò pupa, ẹ mú bírò aláwọ̀ búlúù, kí ẹ̀yin àti ọkọ tàbí aya yín sì jọ jókòó. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ wá alẹ́ tí ara rọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Sáà mẹ́ta ni ọdún ilé ìwé ní, èyí àkọ́kọ́ a sì máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí náà ọ̀sẹ̀ ìwọlé àti ọ̀sẹ̀ ìdánwò kì í bá ènìyàn lójijì bí a bá ti gba ìwé ètò sáà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́, wálímọ̀, ọjọ́ tí ìyá tàbí bàbá yín àgbà ń lọ gba oògùn ní ọsibítù, àti ìnáwó ẹbí tí ojú yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ rántí pé oṣù Ràmádáànì máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó, nítorí náà ẹni tó bá fi ètò èṣí ṣe ti ọdún yìí yóò ká ara rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ní ọjọ́ tó yẹ kó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Fún àwa tó ń ta aṣọ, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ìtúnu àti Iléyá ni owó ń wọlé jù, àkókò náà sì ni ilé ń fẹ́ wa jù. N kò ní sọ pé ó rọrùn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń ti gbogbo ìrìn-àjò ọdún síwájú: aṣọ ọdún gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó bá sì pè lẹ́yìn ìgbà náà yóò wá gbà á ní Ìlọrin.

Níkẹyìn nínú ìjókòó yìí, ẹ jọ fẹnu kò sí iye òru tí ẹ lè sùn síta láàárín ọjọ́ 28. Nínú ilé tiwa, mẹ́fà ni. Ọkọ mi ló dá a lábàá. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, mo rò pé ó fẹ́ dè mí mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí mo ka iye tí mo ń sùn síta tẹ́lẹ̀ tí mo sì rí i pé ó tó mọ́kànlá, mo dákẹ́. Ilé mìíràn lè gba mẹ́wàá, òmíràn lè má gbà ju mẹ́ta lọ, pàápàá bí ọmọ ọwọ́ bá wà níbẹ̀. Kí ẹ ti jọ fẹnu kò ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìrìn-àjò kan kì í sábà jẹ́ nítorí ìrìn-àjò yẹn. Àròpọ̀ gbogbo èyí tó ti kọjá ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Àwa tí a ń gbé agbo ilé ní Ìlọrin ní ọrọ̀ kan tí àwọn tó ń gbé fúláàtì kò ní: ojú pọ̀ lára ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ewu tó wà níbẹ̀. Nígbà kan tí mo wà ní Kánò, ibà gbé ọmọkùnrin mi láti ọ̀sán. Ìyá ọkọ mi rò pé àbúrò ọkọ mi ti fún un ní oògùn. Àbúrò ọkọ mi rò pé bàbá rẹ̀ ti gbọ́. Bàbá rẹ̀ wà ní ilé ìwé, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọsibítù ní alẹ́, káàdì rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n lè rí i, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá ọmọ náà lóhùn. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà nílé ló fẹ́ràn ọmọ yẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí a sọ fún pé òun gan-an ni.

Láti ìgbà náà, bébà kan máa ń wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ẹni tí yóò mú ọmọ lọ sí ilé ìwé, ẹni tí yóò mú un bọ̀, ẹni tí yóò pinnu bí ara ọmọ kò bá yá, àti ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ bí a kò bá rí i lórí fóònù. Káàdì ọsibítù gbogbo àwọn ọmọ wà nínú ike kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìlera fún ẹni tó bá ní, owó díẹ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn, àti orúkọ oògùn tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kì í gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà 112, ti pàjáwìrì, sí i pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń gbé ìhà Táńkẹ̀ tàbí Gáà-Akanbí, ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀ ọsibítù tó súnmọ́ yín tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ ní òru. Ẹ má jẹ́ kó di ohun tí ìyá àgbà yóò máa rò nígbà tí ọmọ ń gbóná.

Ẹ bá ẹni tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ṣeé dì mú. Kì í ṣe ojúṣe ìyá àgbà láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Èmi máa ń ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, mo sì máa ń rí i pé ìsinmi rẹ̀ wà nínú kàlẹ́ńdà bí mo bá ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Owó ilé kò gbọdọ̀ máa bá yín rìnrìn-àjò

Èyí kò gùn. Ẹ ní àkáǹtì méjì, ọ̀kan fún òwò, ọ̀kan fún ilé, kí ẹ sì máa san iye kan pàtó fún ara yín láti inú ti òwò bí ẹni ń gba owó oṣù. Kí ẹ tó kúrò nílé, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ àti owó epo jẹnẹrétọ̀ fún iye ọjọ́ tí ẹ ó lò, pẹ̀lú ọjọ́ méjì lé, gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ná an. Ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé díẹ̀díẹ̀ láti ọjà yóò máa yọ ọ́ lára owó ọjà, kò sì ní mọ̀ bóyá ó jèrè tàbí kò jèrè nígbà tó bá dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bi ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó fẹ́ ṣe

Mo fi oṣù kan kọ ìdí tí mo fi rin ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìdajì wọn ni kò nílò ojú mi rárá. Láti gbé aṣọ tí oníbàárà ti san owó rẹ̀ lọ fún un kì í ṣe ìrìn-àjò oníṣòwò. Gárèèjì lè ṣe é. Àwa tó ń lo wéébìlì mọ̀ pé kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára ẹrù ní ibi méjì, kí a gba nọ́ńbà awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí a ya fọ́tò ẹrù náà nínú ọkọ̀, kí ẹni tó ń gbà á sì ti wà ní gárèèjì kí ọkọ̀ tó dé. Láti gba gbèsè náà, fóònù ń ṣe é bí a bá ti kọ gbèsè ọ̀hún sílẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó nílò ojú. Àwọ̀ òwú jẹ́ ọ̀kan. Fídíò WhatsApp kì í sọ òtítọ́ nípa àwọ̀: mo ti ra òwú kan rí tó dà bí ti àlàárì lórí fóònù, tó sì wá rí bí omi ṣóbò nígbà tó dé. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ gé òwú tí ẹ fẹ́ bí ìwọ̀n apá kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ní ọjà, kí ó gbé e jáde sí ojú oòrùn, kí ó sì fi wé ti ìsọ̀ lójú ara rẹ̀. Oníbàárà tuntun tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀ nílò ojú pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń ta ọjà fún yín. Ẹ kó àwọn wọ̀nyí jọ sínú ìrìn-àjò kan náà, kí ẹ má ṣe fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe àwáwí láti kúrò nílé.

Ẹ tọ́ ọmọṣẹ́ kan dàgbà. Kì í ṣe kó kàn máa gbé ẹrù. Ẹ mú un lọ ní ìgbà mẹ́ta, kí àwọn oníbàárà mọ ojú rẹ̀, kí ó mọ ibi tí ẹ kì í dín owó kọjá. Ọdún kan ni ó gba tèmi kí ó tó lè dá lọ sí Ìbàdàn. Ọdún yẹn wọ́n mi gan-an, nítorí pé owó ọkọ̀ ẹni méjì ni mò ń san, ṣùgbọ́n òun ló dá òru márùn-ún padà fún ilé mi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ ìlọ àti ojú ọ̀nà

Ẹ má ṣe yọ́ jáde nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Ó ń dín ẹkún kù ní òwúrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tí a yọ́ lọ mọ́ lọ́wọ́ yóò máa ṣọ́nà ní gbogbo òru nígbà tí a bá wà nílé. Ẹ sọ fún un ní alẹ́ tó ṣáájú. Ọmọ kékeré kò mọ ohun tí "ọjọ́ mẹ́ta" jẹ́, nítorí náà ẹ sọ ọ́ ní ìlànà tirẹ̀: "Ìwọ yóò lọ sí ilé ìwé lọ́la, wàá tún lọ ní ọ̀túnla, bí o bá ti dé ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wàá bá mi nílé."

Ẹ rìn ní ọ̀sán. Ìlọrin sí Ìbàdàn jẹ́ bí 160 kìlómítà, Èkó sì jìnnà tó bí 300, àwọn kan sì máa ń fẹ́ sá gbogbo rẹ̀ ní òru kí wọ́n má bàa pàdánù ọjọ́. Òru tí ẹ jèrè rẹ̀ kò tó ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ fi 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sínú fóònù yín, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ ránṣẹ́ sílé kí ó tó gbéra.

Ní ti ìpè, ẹ yan àkókò kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Tiwa jẹ́ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, nígbà tí oúnjẹ alẹ́ bá wà níwájú wọn. Ìpè oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí a mọ àkókò rẹ̀ sàn ju ìgbà mẹ́fà tí a ń pè láàárín ariwo ọjà. Ẹ má ṣe bi ọmọ pé, "Ṣé dáadáa ni?" nítorí "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò fi dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n kà dé ní ilé kéwú, ẹni tó jókòó tì í, ohun tí ìyá àgbà sè. Kí ẹ sì bá ọkọ tàbí aya yín sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, lórí ohun tó yàtọ̀ sí ọmọ àti owó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìpadàbọ̀

Ọjọ́ ìpadàbọ̀ jẹ́ gbèsè. Bí ẹ bá rò pé ọjọ́ Ọjọ́rú ni ẹ ó dé, ẹ sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni. Ọkọ̀ lè bàjẹ́, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lè wà lójú ọ̀nà, oníbàárà lè pẹ́ kó tó san owó. Ẹni tó bá dé ṣáájú ọjọ́ á mú ayọ̀ wọlé, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní gba ọjọ́ tó bá dá fún wọn gbọ́ mọ́.

Ní alẹ́ tí ẹ bá dé, ẹ má ṣe tú ẹrù. Èyí ló nira fún mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ, nítorí pé ọwọ́ mi máa ń yún mi láti ka aṣọ, àwọn ahunṣọ sì ti máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà de òwú. Ìsọ̀ ni mo ń gbé ẹrù gbà báyìí; n ó tì í mọ́ ibẹ̀, n ó sì wá sílé pẹ̀lú àpò ọwọ́ mi nìkan. Mo pa fóònù òwò títí di òwúrọ̀. Kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìbáwí ní alẹ́ yẹn pẹ̀lú. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú ilé ti ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ṣe é. Bí ìkòkò bá wà níbi tí ẹ kò fi í sí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ tún jókòó ti kàlẹ́ńdà náà. Ẹ ka iye òru tí ẹ sùn síta, iye ọjọ́ búlúù tí ẹ fi pupa bò mọ́lẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ìrìn-àjò kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ti oṣù tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin mi ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí; òun ló ń di bírò pupa mú nígbà tí a bá jókòó. Ó máa ń yí ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjèèjì po fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mú bírò búlúù, tí yóò sì kọ "Màámi dé" sí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.